Ẹja Tí Wọ́n Fi Ìyẹ́ Adìyẹ Mú

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́ ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin figbe ta lójúde ilé wa ní Ìta Fájì. Àkùkọ wọn, eléérú ńlá tí wọ́n ń kẹ́ bí ọmọ, dúró lábẹ́ àtẹ̀gùn, ọrùn rẹ̀ pá borobóro. Ìyẹ́ apá rẹ̀ pé, ti ìrù rẹ̀ náà pé. Ti ọrùn nìkan ni wọ́n tu.

"Ta ló tu àkùkọ mi lọ́rùn? Tó bá jẹ́ pé ẹran ló wù yín jẹ, ẹ̀ bá pa á! Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹ́ ọrùn ṣe? Ẹ jẹ́ n gbọ́!"

Ẹni tó bá jí adìyẹ gbé, olè ni, gbogbo wa mọ bí a ti ń ṣe olè. Àmọ́ ẹni tó tu ìyẹ́ ọrùn adìyẹ, tó wá fi adìyẹ sílẹ̀ láàyè, ta ló fẹ́ bá onítọ̀hún mu omi nínú kete kan náà? Kí ọ̀sán tó pọ́n, oníkálukú ti ń ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ bó bá fẹ́ lọ sí balùwẹ̀.

Ọyẹ́ tó tẹ̀lé ìgbà tí wọ́n ní kí mọ́tò máa gba ọwọ́ ọ̀tún ni mò ń sọ. Mo rántí orúkọ gbogbo ẹni tó dúró lójúde lọ́jọ́ náà, títí kan ẹni tó ń rin pákò lọ́wọ́. Mi ò ní kọ ọ́ síbí. Púpọ̀ nínú wọn ti kú. Ọkọ mi ló kú gbẹ̀yìn, àdúà ogójì ọjọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni.

Èmi nígbà náà, oyún oṣù mẹ́rin wà nínú mi. Méjì ti bàjẹ́ lára mi ṣáájú èyí. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ àkùkọ yìí kò pa mí lẹ́rìn-ín rárá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú ọkọ mi nìkan ni n kò wò.

Lọ́jọ́ kẹta, mo ń gbálẹ̀ lábẹ́ ibùsùn, ìgbálẹ̀ mi kan nǹkan. Agolo sìgá pẹlẹbẹ ni, wọ́n fi àjákù aṣọ wé e. Ọkọ mi kì í mu sìgá. Mo ṣí i. Ìwọ̀ ẹja ló wà nínú rẹ̀, wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́, ó kéré débi pé n kò tètè mọ̀ pé ìwọ̀ ni. Wọ́n fi òwú dúdú dì wọ́n yíká-yíká, wọ́n wá so ìyẹ́ eléérú mọ́ wọn lọ́rùn. Àwọn kan ní òwú pupa nínú. Wọ́n tò wọ́n sára tìmùtìmù pẹ́ńpẹ́ bí ẹni to abẹ́rẹ́. Mo fọwọ́ kan ọ̀kan, ló bá gún mi, ẹ̀jẹ̀ sì yọ. Mo ní, ó parí, ẹ̀jẹ̀ mi ti kan nǹkan wọn.

Mo dá a padà sí bó ṣe wà. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo wá ń ṣọ́ ọkọ mi.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ ṣọnà sí ọrùn agbádá. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Ìdúmọ̀tà. Bó bá ti kírun Àsùbáà tán báyìí, Oníkan ló ń gbà lọ. Bó bá padà wálé, ìsàlẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ á tutù. Kí ni oníṣọ̀nà ń wá nínú omi nígbà tí ọyẹ́ ń la ètè ènìyàn? Ó ra ọsàn wálé, n kò jẹ ẹ́. Ó ní kí n súnmọ́ òun nítorí òtútù, mo ní ooru ń mú mi. Mo kọjú sí ògiri, mo fọwọ́ bo ikùn mi.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí mi. "Ìyàwó, kí ló dé tó o fi ń wo ọkọ ẹ bí ọlọ́pàá?"

"Kò sí nǹkan o, ẹ̀gbọ́n mi."

"Hẹn-ẹn. Gbogbo yín lèmi náà ń wò. Ẹni tó tu àkùkọ mi, tó bá sín báyìí, màá gbọ́."

Lọ́jọ́ Àlàmísì, mo kó aṣọ mi sínú abọ́ ìfọṣọ kan, mo fi gèlè bò ó. Ìjẹ̀bú, ilé ìyá mi, ni mo ní mò ń lọ. Kí oyún yìí ṣáà dúró, èyí tó kù, tó bá yá. Orí rẹ̀ ni ọkọ mi ká mi mọ́.

"Níbo lò ń lọ?"

"Ilé ìyá mi."

"Ta ló ń ṣàìsàn?"

Mo gbé agolo náà kalẹ̀ láàárín wa. "Ẹ sọ ohun tí èyí jẹ́ fún mi. Ẹ má purọ́ o, mo ti rí inú ẹ̀."

Ó kọ́kọ́ lọ ti ilẹ̀kùn. "Rọra sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi á gbọ́."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́!"

"Wọ́n á pa mí lórí àkùkọ yẹn. Jọ̀ọ́."

Ó wá ń sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Òyìnbó àgbàlagbà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Oníkan ló wá dá agbádá lọ́dọ̀ rẹ̀. Òyìnbó yìí rí bí ìka rẹ̀ ṣe ń yí òwú, ló bá bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ mìíràn. Ní ìlú òyìnbó náà, odò kan ń ṣàn láàárín òkè méjì, àpáta dúró lọ́tùn-ún lósì bí ògiri. Nígbà òtútù wọn, yìnyín á bo etí odò, ẹja ibẹ̀ á sì di ọ̀lẹ, á lọ lúgọ sí ìsàlẹ̀ omi. Kò ní lé oúnjẹ kankan. Ohun tó bá kéré bí kantíkantí, tó ṣàn gba iwájú ẹnu rẹ̀ kọjá, ìyẹn nìkan ló máa gbé mì. Kantíkantí yẹn ni òyìnbó ń fi ìyẹ́ ṣe. Ojú rẹ̀ ti wá ń ṣe bàìbàì, kò lè dì í mọ́, ó sì ń lọ sílé fún ìsinmi ìparí ọdún. Láràárọ̀ ni wọ́n jọ ń dán bí ìwọ̀ náà ṣe ń rì wò nínú omi lẹ́yìn Oníkan. Ìyẹ́ ọrùn àkùkọ ló dára jù fún un. Àkùkọ eléérú kò sì pọ̀ ládùúgbò.

"Ẹja wo ló ń jẹ ìyẹ́?"

"Kò mọ̀ pé ìyẹ́ ni."

Ó yọ fọ́tò kan nínú àpò. Òyìnbó náà ló wà nínú rẹ̀, ó wọ ṣòkòtò rọ́bà tó dé àyà, omi mù ún dé ìbàdí, gbogbo òkúta ẹ̀yìn rẹ̀ funfun fún yìnyín. Ó di ẹja kan mú, ẹja náà ní àmì tótòtó lára.

"Ó dáa. Kí ló fi ẹja yìí ṣe? Ó sè é àbí ó yan án?"

"Ó dá a padà."

"Síbo?"

"Sínú odò."

"Láàyè?"

"Láàyè."

Mo jókòó sórí ẹrù mi. "Ẹni tó bọ́ sínú omi yìnyín, tó fi ìyẹ́ àkùkọ mú ẹja, tó wá dá ẹja padà sódò láàyè, ẹ ní kì í ṣe ètùtù ló ń ṣe? Ètùtù wo ló tún kù?"

"Eré ni. Bí wọ́n ṣe ń ṣeré níbẹ̀ nìyẹn."

"Eré!" Mo dìde. "Ẹ fi mú ẹja lójú mi, nínú omi tiwa níbí. Bí kò bá mú, Ìjẹ̀bú ni mo lọ, ẹ má sì wá bá mi níbẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, a dé etí omi lẹ́yìn Oníkan, kùrukùru ọyẹ́ bo gbogbo rẹ̀. Òyìnbó náà ti dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan, omi ti dé orúnkún rẹ̀. Ọkọ mi wọ inú omi lọ bá a, ó so ìwọ̀ kan tó tóbi díẹ̀ mọ́ okùn, tòun ti ìyẹ́ funfun. Ó ní ẹja tiwa kì í ṣe ọ̀lẹ. Òyìnbó kò ju okùn rẹ̀ bí àwọn apẹja wa ṣe ń jù ú. Ó ń fì í síwá sẹ́yìn lókè orí rẹ̀, okùn ń ká lójú sánmà. Bí kì í bá ṣe nǹkan, kí ló ń fì fún? Mo ń ka Áyátù Kúrísíyù lábẹ́lẹ̀.

Ó jù ú, kò mú. Ó tún jù ú, kò mú. Oòrùn yọ, ó pupa bí epo. Mo ti ń tún ìró mi ró, mo ti yíjú sí ọ̀nà ilé, ni okùn náà bá le tán-ún. Òyìnbó pariwo. Epìyà kan ló fà jáde, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi.

"Ẹ ya ẹnu ẹ̀, kí n wò."

Ọkọ mi ya ẹnu rẹ̀. Kò sí ekòló, kò sí ẹ̀bà. Ìyẹ́ nìkan ni. Bí mo ṣe ń wò ó lọ́wọ́, òyìnbó gba ẹja náà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fẹ́ rì í sómi.

"Ẹ má dá a padà o!" Mo sáré wọ inú omi tìró-tìró, mo já ẹja náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Òyìnbó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sọ nǹkan kan.

"Ó ní kó o máa mú un lọ," ọkọ mi ní.

"Mo ti mú un."

Mo dé ilé, mo sè é. Mo gbé e síwájú ọkọ mi, mo ní kó kọ́kọ́ jẹ. Ó gé ibi àyà ẹja náà, ó jẹ ẹ́. Mo jókòó, mo ń wo ẹnu rẹ̀, mo ń wo ojú rẹ̀, títí wọ́n fi pe ìrun Jímọ̀. Nǹkan kan kò ṣe é.

Nígbà tó ṣe, ó ní, "O rò pé mo lè ṣe ọmọ mi níbi?"

N kò dá a lóhùn. A bí oyún yẹn, a bí méjì lé e. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú láìmọ ẹni tó tu àkùkọ wọn. Ọkọ mi kò tún bi mí ní ìbéèrè yẹn mọ́ títí ó fi lọ, èmi náà kò sì fẹnu dáhùn. Ojoojúmọ́ ló ń dùn mí báyìí.

Lọ́jọ́ yẹn, mo fa awo náà súnmọ́ra, mo bu ẹja náà lẹ́bàá ìrù. Ó wá ń wo ẹnu mi bí mo ṣe wo tirẹ̀.

"Ó dùn?"

"Iyọ̀ rẹ̀ kò tó."

Ó dìde, ó wọ yàrá lọ, níbi tí n kò ti lè rí ọwọ́ rẹ̀, ó bu iyọ̀ wá fún mi. Mo wọ́n ọn sí i, mo jẹ ẹja náà tán.