Onílé Tí Kò Dáhùn ní Chikale

Ní Chikale, létí adágún tó wà ní Nkhata Bay, kò sí apẹja tí kò mọ Towera Longwe. NyaLongwe ni tọmọdé tàgbà ń pè é, orúkọ àpọ́nlé fún ọmọbìnrin ilé Longwe. Òun ló ṣe áàpù tó ń sọ fún wọn bí atẹ́gùn mwera bá ń gbára jọ láti gúúsù, kí wọ́n tó ti ọkọ̀ sómi nírọ̀lẹ́. Kì í kúkú ṣe òun nìkan ló ṣe é. Òun àti Khumbo Chavula ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti yunifásítì. Khumbo wà ní ìlú Mzuzu lórí òkè, òun ló ń tọ́jú sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ìròyìn atẹ́gùn ti ń wá sórí fóònù gbogbo ènìyàn. Towera ló kọ áàpù, òun náà ló ń jókòó ti àwọn apẹja lórí ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé sórí yanrìn, tó ń fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn wọ́n. Ojú tirẹ̀ ni wọ́n mọ̀. Wọn ò mọ Khumbo.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni áàpù ń sọ: "Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì." Apẹja á gun àpáta, á na fóònù sókè, á yọ síìmù, á fẹnu fẹ́ ẹ, á tún un fi sí i, bẹ́ẹ̀ sáfà ló kú ní Mzuzu. Ọjọ́ tí Towera rí bàbá àgbàlagbà kan tó ń rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta pẹ̀lú orúnkún tó ti bó, ojú tì í. Ó jókòó ti ọ̀rọ̀ náà títí ó fi rí ọgbọ́n dá sí i. Áàpù á kọ́kọ́ bi fóònù bóyá ọ̀nà íńtánẹ́ẹ̀tì là. Bó bá là, á lọ kan ilẹ̀kùn sáfà fúnra rẹ̀, á kágò, á dúró díẹ̀. Bí sáfà bá jẹ́ ẹ, ìròyìn á wọlé. Bí kò bá jẹ́, ọ̀rọ̀ tí Towera kọ fúnra rẹ̀ á yọ lójú fóònù: "Ọ̀nà là, ṣùgbọ́n onílé ò dáhùn. Má gun àpáta."

Àwọn apẹja rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́ létí omi. Bí ìyàwó ẹnì kan bá ń bá a yan odì, wọ́n á ní, "Ṣé ọ̀nà là, àbí onílé ni ò dáhùn?"

Khumbo nìkan ni kò bá wọn rẹ́rìn-ín. "NyaLongwe, kí lo ń yọ ara ẹ lẹ́nu sí? Ṣáà sọ fún wọn pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ta ló máa jiyàn ìyẹn nílẹ̀ yìí?"

"Orí omi ni wọ́n ń lọ, Khumbo. Bí ìròyìn ò bá dé, ó yẹ kí wọ́n mọ ohun tó dá a dúró."

"Ìwọ náà ṣáà," ni Khumbo wí, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìgbà mwera wọlé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ada Mphande yà sí ilé wọn. Apẹja àgbà ni, "Ada", ìyẹn bàbá, ni gbogbo ènìyàn ń pè é; òun ló kọ́kọ́ gba áàpù sórí fóònù rẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù ń ṣẹ̀fẹ̀ pé ọmọ kékeré kan fẹ́ kọ́ àwọn ní omi. Ìyá Towera ń jọ ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ro kondowole lọ́wọ́.

"Ìyá Towera, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ yín dà?"

"Ó wà nínú ilé, Ada. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Onílé rẹ̀ ló yadi láti àná."

Towera jáde, ó gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó. Òótọ́ ni. Ọ̀nà là, onílé ò dáhùn. Ó pe Khumbo lójú ẹsẹ̀.

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni jàre," ni Khumbo wí. "Òpó wọn kan ló bàjẹ́ lórí òkè. Wọ́n ń tún un ṣe."

"Ṣùgbọ́n áàpù ní ọ̀nà là."

"Áàpù ẹ ló ń ṣarán. Mo ti ń sọ fún ẹ pé àyẹ̀wò yẹn ò pé. Lọ yẹ iṣẹ́ ara ẹ wò."

Towera gbà á gbọ́. Kí ni kò ní jẹ́ kó gbà á gbọ́? Inú ìkòkò kan náà ni wọ́n jọ ń jẹun nígbà tí wọ́n wà nílé ẹ̀kọ́. Nígbà tí bàbá Towera kú, Khumbo ló kó bẹ́ǹṣì sọ̀ kalẹ̀ láti Mzuzu fún àwọn tó wá bá wọn kẹ́dùn, tó sì sùn sórí ẹní nílé wọn títí wọ́n fi sìnkú tán. Ó yíjú sí Ada Mphande.

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, Ada. Áàpù ló ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ má bínú."

"Mwera ńkọ́?"

"Ìròyìn tó dé gbẹ̀yìn ní omi máa tòrò."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni bàbá náà wí, ó sì lọ wá àwọ̀n rẹ̀.

Gbogbo ọjọ́ yẹn ni Towera fi tú iṣẹ́ ara rẹ̀ wò. Sáfà yòówù tó bá ní kí áàpù kágò fún, ó ń jẹ́ ẹ. Tiwọn nìkan ni kò jẹ́. Ẹlòmíràn ì bá ti fura. Towera ní òun ni òun ò mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà tó sú u, ó pa gbólóhùn tirẹ̀ rẹ́ nínú áàpù, ó dá "Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì" padà sí i.

Lóru ọjọ́ náà, mwera jà. Ó gbá ọkọ̀ Ada Mphande lu àpáta, ọkọ̀ fọ́. Omi gbé àwọ̀n lọ. Pákó kan ni bàbá náà dì mú tó fi wẹ̀ dé èbúté, èjìká ọ̀tún rẹ̀ sì ti yẹ̀. Nígbà tí Towera sáré dé etí omi láàárọ̀, àwọn obìnrin ti fi aṣọ wé e, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Ó wo Towera, ó sì gbé ojú kúrò.

Obìnrin kan tó máa ń wá ra ẹja usipa lọ tà ní Mzuzu dúró níbẹ̀, ó ń mi orí. "Kí ló gbé wọn lọ? Tèmi ti sọ láti àná pé mwera ń bọ̀."

"Tìrẹ wo?" ni Towera bi í.

Obìnrin náà na fóònù sí i. Áàpù tuntun ni, orúkọ mìíràn, àmì ilé iṣẹ́ kan lórí rẹ̀. Wọ́n ń polówó rẹ̀ lórí rédíò ní Mzuzu, ni obìnrin náà wí. Towera ṣí i, ó kà á dé ibi tí wọ́n ti ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ó rí i níbẹ̀, bí òun ṣe kọ ọ́ gan-an: Ọ̀nà là, ṣùgbọ́n onílé ò dáhùn. Má gun àpáta.

Ta ló ń gun àpáta wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì láàárín ìgboro Mzuzu?

Ó jókòó sórí yanrìn. Ó wá àdírẹ́sì tí áàpù tuntun náà ń pè, ó kágò fún un láti orí fóònù tirẹ̀. Kíá ló jẹ́ ẹ, láti Mzuzu kan náà. Kò sí òpó tó bàjẹ́. Khumbo ti kó ìròyìn atẹ́gùn wọn jáde nínú sáfà àtijọ́ bí ẹni kó ẹrù jáde nílé, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì ń sọ fún un lórí fóònù pé ojú ọ̀nà ni kò dáa.

Bọ́ọ̀sì kékeré ló gbé e gòkè lọ sí Mzuzu. Ó bá Khumbo ní ọ́fíìsì tuntun kan tó ṣì ń rùn fún ọ̀dà.

"NyaLongwe! Mo fẹ́ sọ fún ẹ..."

"Ìgbà wo?"

Khumbo fọwọ́ pa orí. "Àwọn onílé iṣẹ́ yìí ò fẹ́ bá èèyàn méjì dòwò pọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́. Mo sì mọ̀ pé tí mo bá sọ fún ẹ, o máa kọ̀. O máa ń kọ̀ ṣáá."

"Mi ò bi ẹ́ ní ìyẹn. Mo bi ẹ́ ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. O ní kí n lọ yẹ iṣẹ́ mi wò."

"Mo nílò àkókò díẹ̀ kí a tó gbé e jáde. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ."

"Ọkọ̀ Ada Mphande fọ́."

Khumbo gbójú sókè. Ó ní, "Ṣé ó kú?"

"Kò kú."

"Ọlọ́run ṣeun." Ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù fún. Ìmí yẹn ló dun Towera ju gbogbo rẹ̀ lọ. "Gbọ́, ààyè iṣẹ́ wà fún ẹ níbí. Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀."

Towera wò ó, ó ń wá ẹni tó sùn sórí ẹní nílé wọn. Kò rí i. Ó dìde, ó jáde, kò sì padà sí ọ́fíìsì náà mọ́ títí dòní.

Ó lọ bá Ada Mphande nílé, ó sọ gbogbo rẹ̀, kò dá ọ̀kan sí. Bàbá náà tẹ́tí sílẹ̀, apá rẹ̀ wà nínú ọ̀já.

"Ọ̀rẹ́ rẹ parọ́ fún ọ," ló wí nígbẹ̀yìn. "Èmi ò mọ̀ ọ́n. Ìwọ ni mo bi, Towera."

Kò pè é ní NyaLongwe.

Mwera ò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Ìròyìn tó dájú kan ṣoṣo wà lọ́wọ́ Khumbo. Nítorí náà, Towera jókòó sórí yanrìn lọ́jọ́ kejì, ó ń gba fóònù àwọn apẹja lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yọ áàpù tirẹ̀ kúrò, ó ń fi ti Khumbo sí i. Àwọn kan kọ̀, wọ́n ní àwọn á máa wo ojú ọ̀run bí àwọn bàbá àwọn ti ń ṣe. Àwọn kan gbé fóònù fún un láìwo ojú rẹ̀.

"Ṣé èyí náà kò ní yadi?" ni ọ̀kan nínú wọn bi í.

"Mi ò mọ̀," ni Towera dáhùn. "Ẹ máa wo ojú ọ̀run náà."

Nígbà tí oòrùn ń rọ̀, ìyá rẹ̀ dé láti òkè èbúté. Fóònù Ada Mphande ló mú lọ́wọ́. Bàbá náà kò wá fúnra rẹ̀. Towera nu yanrìn kúrò lọ́wọ́, ó sì gbà á.