Kí Òjò Dídì Tó Bo Koríko Lungsa

Ọjọ́ kẹrin rèé tí Àǹtí Yangji ti ń bá ojú ọ̀run jà. Bó bá jí láàárọ̀, kì í kọ́kọ́ dáná. Ìta ló ń lọ, á gbé ọwọ́ lé ìbàdí, á wo ìkùukùu tó wà lórí òkè, á sì bú u bí ẹni ń bú ọmọ tó ya ọ̀lẹ. Lẹ́yìn náà ló máa wá sí ìdí ààrò, tí á máa ju ìkòkò kiri bí ẹni pé ìkòkò ló ṣẹ̀ ẹ́.

Àbúrò ìyá mi ni. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tí wọ́n gbé e níyàwó wá sí Lungsa, abúlé wa lórí òkè, ẹ̀yìn rẹ̀ ló sì fi ru èyí tó pọ̀ jù nínú òkúta tí wọ́n fi kọ́ ilé àlejò wa. Ibùsùn mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀ fún àwọn tó ń gun òkè kọjá. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Màlúù onírun gígùn mẹ́rin ló kù fún un. Àwọn ló ń ru ìrẹsì àti kẹrosíìnì wá láti ìsàlẹ̀, wàrà wọn la fi ń ṣe bọ́tà, ẹlẹ́bọ́tọ wọn tí a sá gbẹ la fi ń dáná. Tí òjò dídì bá ti bo ilẹ̀, koríko tí a bá kó jọ nìkan ni wọ́n ní láti jẹ títí ilẹ̀ á fi tún yọ. Tí kò bá sí koríko, wọ́n á kú.

Koríko náà wà lórí ìdúró nínú ọgbà olókùúta lókè abúlé. Ó ti pọ́n, ó ti ń gbẹ. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní ìpín tirẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ki dòjé bọ̀ ọ́ àfi tí olùṣọ́ koríko bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ọgbà, tó ké pé ó ti ṣí. Ẹni tó bá gé e ṣáájú á san ìkòkò ọtí bálì kan fún abúlé. Láti ilé kan sí òmíràn ni iṣẹ́ olùṣọ́ ń yí lọ́dọọdún. Lọ́dún yìí, ó kan Tharke, onílé àlejò tó wà lódìkejì odò. Tharke sì ti mú àwọn àlejò kọjá sí ẹ̀yìn òkè. Ọjọ́ márùn-ún ló ní òun máa lò. Ọjọ́ kọkànlá rèé.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọkùnrin kan lára àwọn àlejò wa rẹ́rìn-ín sí àǹtí mi nídìí tíì.

"Màmá, ṣé òjò dídì máa bọ́ lónìí? À ń retí rẹ̀ gan-an. A fẹ́ ya fọ́tò."

Àǹtí mi gbé ife kalẹ̀ gbà. "Ẹ máa retí ẹ̀. Èmi náà ń retí ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń retí olè ni mo ṣe ń retí ẹ̀."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni.

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, a gun àpáta tí fóònù ti máa ń wọlé, àǹtí mi sì pe Tharke.

"Tharke, ibo lo wà?"

"Àǹtí mi àtàtà! Ó ku ọjọ́ méjì péré kí n dé."

"Ìkùukùu ti dé ọrùn òkè. Ní kí ìyàwó ẹ bá ẹ ṣí koríko."

"Ta ló máa wá bá a gé tiwa? Ẹ fẹ́ gé tiyín tán, kẹ́ ẹ wá máa wò wá. Ẹ ní sùúrù, ká jọ gé e."

"Ká jọ gé e! Ìwọ tó ò ń jẹ ẹran àlejò lẹ́yìn òkè!"

"Àǹtí, ẹ̀yin náà ti ṣe olùṣọ́ rí. Ẹ mọ òfin." Ó pa fóònù.

Ọ̀rọ̀ tó sọ gbẹ̀yìn yẹn ló dun àǹtí mi jù, nítorí òótọ́ ni. Òun ni olùṣọ́ lọ́dún tó kọjá. Bàbá Chumbi, arúgbó tí ilé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, gé agbọ̀n koríko kan ṣoṣo nígbà tó ku ọ̀la ká ṣí i, torí ọmọ màlúù rẹ̀ ń ṣàìsàn. Ó bẹ àǹtí mi, àǹtí mi ò gbà. Ó san ọtí, gbogbo abúlé sì mu ún lójú rẹ̀. Láti ìgbà náà, kì í kí wa mọ́.

Lọ́sàn-án, afẹ́fẹ́ yí padà. Ó ń fẹ́ bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ó tutù, ó lómi nínú. Àǹtí mi mú dòjé. Ó gbé ìkòkò ọtí tí a pọn fún àwọn àlejò pọ̀n mí, ó ní, "Ó yá." Lẹ́nu ọ̀nà ọgbà, ó ní kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ síbi tí gbogbo èèyàn á ti rí i. Ó wá pariwo débi tí ohùn rẹ̀ fi dé òdìkejì odò.

"Ará Lungsa! Èmi Yangji, mi ò ṣí koríko o. Mi ò láṣẹ ẹ̀. Òfin ni mo fẹ́ rú. Ọtí ìtanràn mi rèé. Ẹni tó bá fẹ́ mu kó wá mu, kó máa fi mí ṣèran wò!"

Ó wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Àwọn èèyàn jáde, wọ́n tò sẹ́yìn ògiri ọgbà. Dòjé wà lọ́wọ́ wọn, àmọ́ kò sẹ́ni tó wọlé. Bàbá Chumbi nìkan ló sún mọ́ ọn.

"Yangji ìyá olófin. Agbọ̀n mélòó nìyẹn? Mò ń kà á o."

"Ẹ máa kà á, Bàbá."

"Tèmi lọ́dún tó kọjá, ẹyọ kan ni."

Dòjé dúró. Ojú àǹtí mi pọ́n, mo sì rò pé ó máa bú bàbá náà.

"Ẹyọ kan ni," ó wí. Ohùn rẹ̀ ṣì le bíi ti ẹni tó ń jà. "Ọmọ màlúù yín ń kú lọ, ẹ sọ fún mi, mo wá dúró síbí, mò ń ka òfin sí yín létí. Mo ṣe é. Kò dáa. Ṣé kí n kúnlẹ̀ ni? Òjò ń bọ̀, Bàbá!"

"Kúnlẹ̀ kẹ̀? Pẹ̀lú orúnkún ẹ yẹn? Ta ló máa gbé ẹ dìde?" Bàbá Chumbi gbé ẹsẹ̀ kan kọjá ògiri, ó gbé ìkejì. Ó yíjú sí mi. "Gbé ọtí yẹn kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ yìí. Àwọn èèyàn fẹ́ wọlé."

Bí wọ́n ṣe wọlé nìyẹn, ilé kan tẹ̀ lé òmíràn. A máa ń kọrin lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí koríko, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò kọrin lọ́jọ́ yẹn. Tharke ni wọ́n ń bú bí wọ́n ṣe ń gé e.

A ò tíì gé e dé ìdajì nígbà tí òjò dídì bẹ̀rẹ̀. Àwọn àlejò wa sáré jáde, wọ́n ń pariwo ayọ̀, wọ́n ń ya fọ́tò.

"Ẹ ki ẹ̀rọ yẹn bọ àpò!" àǹtí mi jágbe mọ́ wọn. "Ẹ wá ru koríko!"

Ọkùnrin tó rẹ́rìn-ín nídìí tíì láàárọ̀ wò ó lójú. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó di ìdì kan rù, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e.

Nígbà tí tiwa wọlé tán, ìyàwó Tharke ṣì dúró létí ìpín tiwọn, ó pọnmọ, dòjé rẹ̀ wà lábẹ́ abíyá.

"Kí lò ń wò?" àǹtí mi bi í.

"Ó ní n ò gbọ́dọ̀ gé e, Àǹtí."

"Ó sọ fún èmi náà. Mi ò gbọ́."

Ó wọ inú koríko Tharke, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ìyàwó náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìdì mẹ́fà la rí gbé kúrò níbẹ̀ kí òjò dídì tó tẹ ìyókù mọ́lẹ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí àǹtí mi dì láìṣépè fún Tharke.