Àwòrán Kan Ṣoṣo Tó Lójú

Ẹni tó bá mọ Àsúmáù ní Peckham mọ̀ pé kì í ṣí orí sílẹ̀. Bí aago ẹnu ọ̀nà bá dún, ìbòrí ni yóò kọ́kọ́ wá kó tó wá kọ́kọ́rọ́. Ẹ wá fojú inú wo bí ara rẹ̀ ti rí lọ́jọ́ tí Nusaybah ọmọ rẹ̀ na fóònù sí i, tó ní, "Mummy, ẹ wò ó, you're in the catalogue!"

Ó wò ó. Ó jókòó. Òun gan-an ni, nígbà tó ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, òòyà lọ́wọ́, irun ní títú, ó yíjú wo ẹni tó ń yà á bí ẹni fẹ́ rẹ́rìn-ín.

"Yéè! Mo gbé! Ta ló fi èyí síbẹ̀?"

Òun náà ló fi í síbẹ̀.

Làtíìfù ọkọ rẹ̀, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, wa bọ́ọ̀sì ní Old Kent Road títí ó fi kú lọ́dún tó kọjá. Bó bá dé òpin ọ̀nà tó ń sinmi, á mú pẹ́ńsù, á máa ya èrò: oníṣu Rye Lane, àwọn tó ń dúró de bọ́ọ̀sì nínú òjò, àwọn aláṣọ funfun tó ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ láìwọ bàtà. Gbogbo wọn lọ́wọ́, wọ́n lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ní ojú. Wọ́n ti kọ́ ọ nílé kéú pé lọ́jọ́ àjíǹde, a ó ní kí ẹni tó ya ohun ẹlẹ́mìí fẹ́ ẹ̀mí sí i nínú, kò sì ní lè ṣe é. "Bí n kò bá ti ya ojú," á wí, "bóyá wọn á dá mi sí."

Àsúmáù fẹ́ gbẹ́ kànga sí mọ́sálásí ìlú ọkọ rẹ̀ ní Ìkìrun, kí lààdá rẹ̀ lè máa bá a nínú sàréè. Ìdí nìyẹn tó fi kó àpò àwòrán náà lọ fún àwọn onígbàǹjo kan ní Sydenham. Díẹ̀ ló wò nínú wọn kó tó di ẹrù. Kí ló tún fẹ́ wò? Ṣebí wọn ò lójú.

Wàyí o, ó sáré pè wọ́n pé kí wọ́n yọ ọ̀kan kúrò. Obìnrin tó gbé fóònù fi ohùn dídùn sọ fún un pé wọ́n ti tẹ ìwé gbàǹjo náà jáde, pé Àsúmáù ti fọwọ́ síwèé, ó ti pẹ́ jù. Ó ní àwòrán náà dára gan-an ni. Dára kọ́, dára ni!

Oorun dá lójú Àsúmáù. Ọkùnrin wo ni yóò gbé irun òun kọ́ sí pálọ̀ rẹ̀, tí yóò máa wò ó bó ṣe ń mu ọtí? Ìyẹn nìkan kọ́. Alhaja Mìsítúrà, olórí àwọn obìnrin àsàlátù, ẹni tí ẹnu rẹ̀ ń ṣáájú WhatsApp délé, ti ní òun ń bọ̀ wá wo gbàǹjo náà nítorí kànga. "Ikú yá ju ẹ̀sín lọ," ni Àsúmáù ń wí ṣáá nídìí ìkòkò.

"Mummy, ẹ calm down, ẹ jọ̀ọ́," ni Nusaybah wí. "It's just hair, innit."

"Irun ta ni? Ṣé irun tìẹ ni?"

Lọ́jọ́ gbàǹjo, ó wé ìbòrí méjì lé ara wọn. Alhaja ti gbàyè dè é níwájú pátápátá.

"Alhaja, ẹ jẹ́ ká lọ sẹ́yìn."

"Kí la jí gbé?" ni Alhaja dáhùn, ó sì fà á jókòó.

Àwọn tí kò lójú bẹ̀rẹ̀ sí í tà. Àwọn òyìnbó ń na pátákó nọ́ńbà wọn sókè, onígbàǹjo ń fi òòlù gbá tábìlì. Oníṣu lọ. Àwọn inú òjò lọ. Ẹni tí kò mọ̀ yóò ní kí Àsúmáù máa yọ̀, ṣebí kànga ti dé tán. Àdúrà ló ń gbà nínú ara rẹ̀: Yáà Ọlọ́run, bo ojú wọn, ká wọn lọ́wọ́ kò, kí ẹnikẹ́ni má rà á.

Wọ́n gbé e jáde. Irun rèé! Òòyà rèé! Ojú méjì ń wo gbogbo yàrá náà. Àsúmáù dorí kodò. Onígbàǹjo pe iye kan. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó já a wálẹ̀. Ó tún já a, ó kù díẹ̀ kó máa bẹ̀ wọ́n, ọwọ́ kan kò gbéra. "Passed," ló wí, ìyẹn ni pé kò rí ẹni rà á, wọ́n sì gbé e kúrò níwájú bí ẹni ń kó àwo àjẹkù.

Àdúrà gbà. Ǹjẹ́ kò yẹ kó dúpẹ́? Inú ló bí i! Ó gbórí sókè, ó yíjú wo àwọn tó wà lẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tó sanwó lórí oníṣu tí kò nímú tí kò lẹ́nu. Kí ló ṣe tòun?

"Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ ò tiẹ̀ mọ nǹkan tó dáa!" Ó sọ ọ́ síta.

Ìgbà náà ló rántí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó rọra yíjú, ó ń retí ọ̀rọ̀. Alhaja ti bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Kò dárúkọ irun rárá.

"Àsúmáù," ó ní, "nígbà tí ọmọ mi kú, mo bẹ Làtíìfù kó bá mi yà á. Mo sunkún. Ó ní òun ò lè ya ojú, pé ẹ̀rù Ọlọ́run ń ba òun." Ó gbé awò náà padà sójú. "Ó ya ojú tìẹ."

Àsúmáù di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Nínú bọ́ọ̀sì àbọ̀, àwòrán náà wà lórí itan rẹ̀ nínú páálí. Kò ronú kan irun mọ́. Ẹ̀rù mìíràn ló wọlé, ó sì wúwo ju ti Alhaja lọ: ọkùnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ sá fún ìbéèrè ọjọ́ àjíǹde kan, nítorí tòun ló ṣe lọ kó sí i. Nígbà tí wọ́n wọ Rye Lane, ó ṣí páálí náà díẹ̀. Ojú náà ń wò ó.

"Bàbá Nusaybah," ó sọ jẹ́jẹ́, "wọ́n á bi yín o. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ha yín lẹ́nu. Ẹ ṣáà nàka sí mi. Èmi ni màá dá wọn lóhùn, màá ní mo ti ń mí kí ẹ tó mú pẹ́ńsù."