Táìlì Tó Máa Fọ́

Aládùúgbò mi kan ní Addo, tó ń lẹ táìlì, kì í yọ téèpù ìwọ̀n nídìí ṣòkòtò, kódà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Òun ló ń bá ọmọbìnrin rẹ̀ ṣe ìṣirò àṣetiléwá. Wọ́n bi ọmọ náà pé táìlì mélòó ló máa kún yàrá kan.

"Dádì, ogún ni."

"Kọ méjìlélógún. Èyí tó máa fọ́ ńkọ́?"

Tíṣà fún un ní òdo. Ọmọ sunkún délé: "Dádì, tí mo bá tún gba òdo, mo máa tún kíláàsì yìí ṣe o!"

"Tíṣà yín ò gé táìlì rí ni!"

Ìdánwò dé, wọ́n tún béèrè táìlì. Ọmọ ò gbọ́ ti bàbá rẹ̀ mọ́, iye tó kún yàrá gan-an ló kọ, ó sì gba máàkì. Bàbá yẹ ìwé náà wò, ó mirí.

"O káre, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n táìlì yìí ò ní tó."