Yàrá Mẹ́rin Lára Ògiri Ìdí Aró

Ọdún 1968 ni wọ́n fẹ́ lé Raliat kúrò nídìí aró l'Óṣogbo. Àpìkẹ́, àǹtí rẹ̀ tó ń kọ́ ọ níṣẹ́, kò rójú jókòó láti àárọ̀. Ó dìde, ó jókòó, ó tún lọ ṣí ìkòkò wò.

"Ẹ̀ẹ̀mẹfà!" Ìyá Bọ́lárìnwá, àgbà ìdí aró, ń pariwo. "Ẹ̀ẹ̀mẹfà tí ọmọ yìí wà níbí, aró ò mú! Aṣọ jáde bí èyí tí wọ́n fi nulẹ̀. Orí ẹ̀ ló ń bà á jẹ́. Kó padà sílé bàbá ẹ̀ lónìí!"

Raliat ti di ẹrù, ó jókòó lé e.

Àpìkẹ́ kò kàwé kọjá kíláàsì kejì, àmọ́ gbogbo ìkòkò tí wọ́n bá ṣe ló ń fi èédú sàmì ẹ̀ sára ògiri. Ó fa ìlà méjì kọjá lórí ara wọn, ó di yàrá mẹ́rin. Apá kan, Raliat wà níbẹ̀. Apá kejì, kò sí níbẹ̀. Aró tó mú wà lókè, èyí tí kò mú wà nísàlẹ̀. Oṣù mẹ́ta rèé, kò láyà láti kà á. Bó bá jẹ́ pé òótọ́ ni Ìyá ń sọ ńkọ́?

Ó wá kà á.

"Ẹ jọ̀ọ́ Ìyá, ẹ wá wò ó. Nígbà tí Raliat wà ńbí, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni ò mú lóòótọ́. Àmọ́ méjìdínlógún mú."

"Nígbà tí kò sí ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ò mú! Ṣé mẹ́fà ò ju méjì lọ ni?"

"Ó jù ú. Àmọ́ ìkòkò mẹ́jọ péré la ṣe lẹ́yìn ẹ̀, nígbà tó lọ tọ́jú ìyá ẹ̀ n'Íléṣà. Mẹ́fà mú. Bó bá wà ńbẹ̀, nínú ìkòkò mẹ́rin, ọ̀kan ò ní í mú. Bí ò sí ńbẹ̀, nínú mẹ́rin, ọ̀kan náà ni. Ọgbọọgba ni, Ìyá."

Ìyá fìka kà á, ó tún un kà.

"Èmi ò ka àwọn tó mú yẹn rí," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Ta ní í ka ọjọ́ tó dáa?" Ó yíjú sí Raliat. "Adìẹ tó ń sàba, dìde lórí ẹrù! Lọ gún ewé èlú fún aró."

Raliat bú sẹ́rìn-ín, ó ń tú ẹrù.

"Kí ló wá ń ba ọ̀kan jẹ́ nínú mẹ́rin, Àpìkẹ́?" Ìyá bèèrè.

"Mi ò tíì mọ̀."

Kò tíì lè jókòó. Ó mú èédú, ó fa yàrá mẹ́rin mìíràn: eérú tí wọ́n fi ń po aró, èyí tí wọ́n rà lọ́wọ́ àwọn oníbúrẹ́dì lápá kan, èyí tí wọ́n fọwọ́ ara wọn sun lápá kejì. Ó lọ ṣí ìkòkò wò.