Ọkàn Tó Rẹ̀ Lẹ́yìn Ìkúnlẹ̀

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí mo fẹ́ sùn díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mi tuntun ni mo mọ̀ pé nǹkan kan ò tọ́ lára mi. Bí mo ṣe gbé orí lé ìrọ̀rí, èémí mi dí bí ẹni pé wọ́n rì mí sínú odò. Mo dìde jókòó, ó là. Mo tún dùbúlẹ̀, ó tún dí. Ikọ́ sì dé. Ohun tí mo tu sínú aṣọ ìnujú ọmọ ń hó bí omi ọṣẹ, ó sì pọ́n díẹ̀. Ó rí mi lára. Mo sáré jù ú sínú omi kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

Ọmọ Kétu ni mí. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní àdúgbò Gbégamey, ibẹ̀ náà ni èmi àti Kọ́lá, ọkọ mi, ń gbé. Ọmọ wa kejì, obìnrin, kò tíì pé oṣù kan nígbà náà, ìyá ọkọ mi, tí mo ń pè ní Màámi, sì ti wá láti ìlú Ekpè láti bá wa wẹ̀ ẹ́. Èèyàn rere ni wọ́n, kí ẹ má ṣì mí gbọ́. Àwọn ló ń fi omi gbígbóná tẹ̀ mí níkùn láràárọ̀, àwọn náà ló ń se ọbẹ̀ tó kún fún iyọ̀ àti ẹ̀kọ tí wọ́n fi káún sí, kí omi ọmú lè ya. Ọmú mi ya lóòótọ́. Ó ń rin aṣọ, ó ń kan, òórùn rẹ̀ ń tẹ̀ lé mi káàkiri ilé.

Ẹsẹ̀ mi náà wú. Bí mo bá fi ìka tẹ ojúgun, ihò á dúró síbẹ̀ bí ihò inú ìyẹ̀fun tí a pò. Mo fi han Màámi.

"Ìyàwó mi, ara ọlọ́mọ tuntun ni," ni wọ́n wí. "Gbogbo wa la wú bẹ́ẹ̀."

Kọ́lá mú mi lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ládùúgbò. A jókòó pẹ́ lórí àga gbọọrọ. Ọmọ kan bì sílẹ̀ẹ́lẹ̀, eṣinṣin bò ó, kò sẹ́ni tó nù ún. Ńṣe ni gbogbo wa gbé ìró sókè tí a sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tó kàn mí, nọ́ọ̀sì kò fọwọ́ kan àyà mi. Ó kọ oògùn ibà.

"Màdámù, àárẹ̀ ìbímọ ni. Ẹ lọ sinmi."

"Mi ò lè dùbúlẹ̀," ni mo wí.

"Ẹ fi ìrọ̀rí kún ìrọ̀rí."

"Ara ọlọ́mọ tuntun" ti di àkísà tí wọ́n ń jù bo ohun tí wọn ò fẹ́ wò.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sùn ní ìjókòó, orí mi lórí tábìlì. Ikùn mi tún wú bíi pé mi ò tíì bímọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé ọmọ láti yàrá lọ sí pálọ̀, ìrìn yẹn nìkan, mo sì jókòó sórí ilẹ̀ lásán, mi ò lè sọ̀rọ̀. Kọ́lá wá mú báàgì rẹ̀ láti lọ síbi iṣẹ́ ní àdúgbò Cadjèhoun, ó bá mi níbẹ̀.

"Ètè rẹ ti dúdú," ló wí. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó gbé mi sínú takisí, ó di ilé ìwòsàn ńlá.

Dókítà tó gbà mí, obìnrin ni. Ó gbé ẹ̀rọ ìgbọ́kàn lé ẹ̀yìn mi, ojú rẹ̀ yí padà. "Ẹ má dùbúlẹ̀ rárá, Màdámù." Wọ́n fi afẹ́fẹ́ bò mí nímú, wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ni tọ̀, wọ́n sì fi rọ́bà sí mi lábẹ́. Àpò ìtọ̀ ń kún, wọ́n ń dà á nù, ó tún ń kún. Mo ń wò ó, mo ń ronú pé inú mi ni gbogbo ìdọ̀tí yìí wà. Ìríra rẹ̀ kò jẹ́ kí n dúpẹ́ pé mo ti ń mí.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ẹ̀rọ ekografí, tó ń yàwòrán inú ara, wo ọkàn mi. Àìsàn náà, kadiomiopatí ìgbà ìbímọ ni wọ́n ń pè é: iṣan ọkàn ti rẹ̀, kò lè fún ẹ̀jẹ̀ jáde bó ṣe yẹ mọ́. Ẹ̀jẹ̀ tí kò rọ́nà lọ á wá padà sẹ́yìn, omi inú rẹ̀ á jò sínú ẹ̀dọ̀fóró, á sì sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀. Ó máa ń mú aboyún tí oṣù rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, tàbí ẹni tó bímọ láìpẹ́. A kò tíì mọ gbogbo ohun tó ń fà á. Dókítà ní àwọn olùwádìí ń fura sí omi ara tó ń pàṣẹ kí ọmú ṣe wàrà, pé bó bá fọ́ sí wẹ́wẹ́, ó lè ba òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn jẹ́. Nítorí náà, àwọn dókítà kan ti ń fi oògùn tó ń mú ọmú gbẹ kún oògùn ọkàn, pẹ̀lú èyí tí kò ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ó sọ fún mi láìfi pa mọ́ pé kì í ṣe gbogbo dókítà ló gbà bẹ́ẹ̀.

Màámi gbọ́, wọ́n fò dìde. "Kí wọ́n mú ọmú gbẹ? Kí ni ọmọ yóò jẹ?"

"Màámi, yóò mu ti inú agolo," ni mo wí. "Bí mo bá kú, ta ni yóò bu ti inú agolo fún un?"

Wọ́n lọ ra wàrà inú agolo. Mo lo oògùn náà. Ọmú mi le bí òkúta, ó dùn mí wọra, ó ń rùn kó tó gbẹ. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wá kí mi. Ọ̀kan nínú wọn wo agolo wàrà, ó yínmú, ó ní ìyá wo ló ń gba ọmú lẹ́nu ọmọ.

Màámi ló dá a lóhùn. "Ẹ dìde, ẹ máa lọ. Ẹ ò rí ohun tí wọ́n fà jáde lára ìyàwó mi yìí."

Díẹ̀díẹ̀ ni mo yè. Oògùn lójoojúmọ́, ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ tó ń sú mi dé ọ̀fun. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù, dókítà yí ojú ẹ̀rọ sọ́dọ̀ mi: ọkàn mi ń fún ẹ̀jẹ̀ dáadáa. Ó wá kìlọ̀ pé oyún mìíràn lè dá àìsàn náà padà. Èmi àti Kọ́lá ti fẹ́ bí mẹ́rin. A jókòó sínú ọgbà ilé ìwòsàn pẹ́, a sunkún, lẹ́yìn náà mo padà wọlé lọ ní kí wọ́n fi ọ̀pá ìfètò-sọ́mọ-bíbí sí mi lápá.

Mi ò ní purọ́ pé mo fẹ́ràn ara mi nígbà yẹn. Ó kó mi nírìíra. Ṣùgbọ́n ara yẹn nìkan ló sọ òótọ́. Ó wú, ó hó, ó rùn, ó ń pariwo; àwa ló di etí. Ìwọ tó ń ka èyí, tí o bímọ láìpẹ́, tí èémí rẹ ń dí bí o bá dùbúlẹ̀, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ dídùn rán ọ padà sílé. Ní kí wọ́n wo ọkàn rẹ.

Ọmọ náà ti ń sáré báyìí. Nígbà mìíràn tí mo bá gbé e gun àtẹ̀gùn ilé-ẹ̀kọ́, mo máa ń dúró lókè, màá fi ọwọ́ lé àyà mi níbi tí ọkàn ti ń lù, màá sọ fún un pé, "Ẹ ṣeun." "Ẹ" ni mo fi ń pe ọkàn mi. Mi ò lè bá a sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ mi mọ́.