Aṣọ Tó Mọ Ààlà Oko Tairou

Memounatou Tairou, ẹni ọgọ́ta ọdún, ká aṣọ ìbora rẹ̀ kúrò lórí okùn ní àgbàlá Bàbá Ramanou ní Akpassi, ní ilẹ̀ Benin, ní ọjọ́ Satidé tó kọjá, ó sì rù ú padà sí oko. Ọjọ́ mẹ́ta ni aṣọ náà fi wà níbẹ̀ ní gbangba. Àwọn àgbà tó dájọ́ ilẹ̀ ní ẹni tó bá ṣì fẹ́ jiyàn kó wá jà á níwájú rẹ̀. Kò sí ẹni tó wá jiyàn. Àwọn tó wá, ọwọ́ tó rán an ni wọ́n wá wò.

Aṣọ náà fẹ̀ débi pé tọkọtaya àti ọmọ mẹ́ta lè sùn lábẹ́ rẹ̀. Àjákù aṣọ tó wà lára rẹ̀ lé ní irínwó, kò sì sí ọ̀kan tí Memounatou kò lè sọ ibi tó ti wá.

Ọyẹ́ ọdún 1973 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Ọyẹ́ náà mú gidigidi ní ọdún yẹn, aṣọ ìbora kan ṣoṣo tó wà nínú ahéré sì ti di kìkì ihò. Memounatou fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Bantè, sí ọ̀dọ̀ Sàlámì, télọ̀ kan tí bàbá rẹ̀ ti Nàìjíríà wá. Ó ní kí ó fún òun ní àjákù tó ń gbá dànù.

“Ìyá Gafarou, ṣé ewúrẹ́ lẹ fẹ́ dáṣọ fún ni?” Sàlámì bi í.

“Ewúrẹ́ mi kì í wọ aṣọ tí télọ̀ ọ̀lẹ bá rán. Ìwọ ṣáà gbá a jọ fún mi.”

Ó rán àwọn àjákù náà pọ̀. Òwú tí wọ́n ká gbẹ̀yìn, èyí tí òjò ti sọ di pípọ́n tí àwọn tó ń ra òwú kì í gbà, ni ó gbọ̀n tí ó tẹ́ sí àárín. Kíjìpá ni ó fi ṣe ẹ̀yìn rẹ̀. Inú ahéré gbóná ní ọdún náà. Ṣùgbọ́n aṣọ alábùlẹ̀, àmì òṣì ni lójú àwọn ará oko, ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ sì wá sọ fún un ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sá a síta. Wọ́n á ní ìyà ń jẹ wá.” Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀bá ọ̀nà gan-an ni Memounatou sá a sí, níbi tí gbogbo ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Akpassi yóò ti rí i.

Lẹ́yìn èyí ni èrò aṣọ ńlá náà wọ ọ́ lọ́kàn. Àpáta kan wà ní etí oko Tairou, ọkọ rẹ̀. Bí ènìyàn bá gorí rẹ̀, yóò rí gbogbo oko nísàlẹ̀: ọ̀wọ́ ebè iṣu, ọ̀nà tóóró, odò kékeré, igi irúgbá tó dá dúró. Memounatou a máa gùn ún lọ lẹ́yìn tó bá ti gbé oúnjẹ fún ọkọ rẹ̀, yóò wò ó pẹ́, yóò sì padà sílé lọ rán ohun tó rí. Kò mọ̀wé, Tairou pẹ̀lú kò mọ̀wé. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Ọdún méjì ló fi rán an.

Òfin kan ni ó fi lélẹ̀ fún ara rẹ̀: ilẹ̀ tí ẹnìkan bá ń ro, aṣọ ẹni náà ni yóò fi ṣe ibẹ̀. Kò jẹ́ fi ti ẹlòmíràn dípò, bí ó ti wù kí ó lẹ́wà tó. Bùbá aláró Tairou tó ti ya ló gba ibi tó pọ̀ jù. Kakí tí Gafarou, ọmọ rẹ̀, wọ̀ lọ sí iléèwé ni ó fi ṣe oko ẹ̀gẹ́ kékeré tí ọmọ náà dá. Gèlè ara rẹ̀ ni ó fi ṣe igi irúgbá, nítorí òun ló ń ká irú.

Ní ọdún 1974, nígbà tí iṣẹ́ náà ṣì wà lọ́wọ́, àlejò kan tó ń jẹ́ Razack ti àríwá dé pẹ̀lú Rakia, ìyàwó rẹ̀. Ó mú obì wá fún Tairou, ó ní òun ń wá ibi tí òun yóò gbin iṣu sí. Tairou yá a ní ilẹ̀ etí odò. Memounatou bi Rakia bóyá ó ní àjákù kan, Rakia sì ya etí ìró tó ró sí ìdí fún un: aṣọ pupa rẹ́súrẹ́sú tí ẹyẹ funfun wà lára rẹ̀. Memounatou kò gé aṣọ aláró Tairou láti fi ti Rakia bọ àárín rẹ̀. Orí rẹ̀ ni ó rán an lé.

“Kí ló dé tí o kò gé e?” ni Tairou bi í. “Àbí abẹ rẹ kò mú mọ́?”

“Ó mú. Àlejò kì í gé ilẹ̀ onílé, mi ò ní gé aṣọ rẹ nítorí rẹ̀.”

Tairou rẹ́rìn-ín. Ó kú ní ọdún 1981.

Ní ọdún 1983, Razack gbin kajú sí etí odò. Ní àdúgbò Bantè, ẹni tí a bá yá ní ilẹ̀ iṣu kò gbọdọ̀ gbin igi síbẹ̀, nítorí iṣu a máa tán lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n ẹni tó ni igi ni yóò ni ilẹ̀ bó pẹ́ bó yá. Memounatou mọ èyí. Ó rí àwọn ọ̀gbìn náà nígbà tí wọn kò tíì ga ju orúnkún lọ, ó sì dákẹ́, nítorí pé Rakia ni kò fi í sílẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ tó fi wà nínú opó.

Ní ọdún 1988 yìí, nígbà tí kajú so, Gafarou gbọ́ pé Razack ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé òun ló ni ilẹ̀ náà. Ó lọ bá a. Razack ní Tairou fún òun pátápátá. Ó ní, “Ta ló máa ń gbin igi sórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, kí onílẹ̀ máa wò ó?” Gafarou mú àdá, ó fẹ́ lọ gé àwọn igi náà. Ìyá rẹ̀ dúró sójú ọ̀nà.

“Bí o bá gé igi, igi lo gé. Ilẹ̀ ńkọ́?”

Ilẹ̀ etí odò nìkan ni kì í gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ní gbogbo oko náà. Gafarou ní ọmọ mẹ́rin. Bí ilẹ̀ yẹn bá lọ, àwọn ọmọ náà yóò máa tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn bí wọ́n bá dàgbà.

Bàbá Ramanou, tó dàgbà jù nínú ẹbí Tairou, pe àwọn àgbà jọ ní Wẹ́sìdé, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹwàá. Memounatou di aṣọ rẹ̀ lẹ́rù.

“Màámi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi wá ṣẹ̀sín,” Gafarou bẹ̀ ẹ́. “Ṣé àkísà la ó fi ṣe ẹlẹ́rìí?”

“Kakí rẹ wà lára rẹ̀. Bó bá jẹ́ àkísà ni, àkísà ni ìwọ náà.”

Wọ́n ta á sórí okùn ní àgbàlá. Memounatou fi ọ̀pá tọ́ka sí àpáta, odò àti ọ̀nà, ó sì sọ òfin tó fi rán an. Àwọn àgbà dìde, oníkálukú ń wá oko tirẹ̀ ní bèbè aṣọ náà, wọ́n sì ń rí i. Lẹ́yìn náà ni ó fi ọ̀pá kan àjákù ẹlẹ́yẹ tó wà ní etí odò.

“Aṣọ kò lẹ́nu, ẹ̀yin bàbá,” ni Razack wí. “Ta ni kò lè rán àjákù mọ́ nǹkan ní àná?”

Bàbá Ramanou yíjú sí Rakia. “Ìyàwó, ṣé o mọ aṣọ yìí?”

Rakia wo ilẹ̀. “Ìró tí mo ró wá sí Akpassi ni. Èmi ni mo fi ọwọ́ mi ya á fún Ìyá Gafarou.”

“Ta ló ní kí o sọ̀rọ̀?” ni ọkọ rẹ̀ wí.

“Bàbá ló bi mí.”

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Razack kì í ṣe òpè. Ó ní, “Ó dáa, tirẹ̀ ni. Ṣebí wọ́n ní aṣọ ẹni tó ni ibì kan ló wà níbẹ̀? Tiwa ló wà ní etí odò. Ẹ̀rí mi ni wọ́n rù wá yìí.”

Gafarou fi ọwọ́ lérí. Memounatou ní kí wọ́n bá òun wá abẹ. Láti ọdún mẹ́rìnlá, kò tíì tú òwú kan lára aṣọ náà rí. Ó di etí àjákù ẹlẹ́yẹ náà mú, ó sì ń tú òwú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò kánjú, títí tó fi ṣí. Aṣọ aláró Tairou ló wà nísàlẹ̀. Gbogbo ìyókù bùbá náà ti ṣá nínú oòrùn, ṣùgbọ́n ibi tí àjákù Rakia bò dúdú minimini bí ìgbà tí wọ́n yọ ọ́ nínú ìkòkò aró. Kò sí ẹni tó lè rán irú ìyẹn ní àná.

Bàbá Ramanou fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kan ibẹ̀. “Àlejò lókè,” ó ní, “onílé nísàlẹ̀.”

Razack lóṣòó. “Ìyá Gafarou, nígbà tí mo gbin igi àkọ́kọ́ tí ẹ kò sọ nǹkan kan, mo rò pé ẹ ti fi í sílẹ̀.”

“Ẹ̀bi tèmi nìyẹn,” ni Memounatou dáhùn. “Mo dákẹ́ níbi tó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀.”

Wọ́n dá ilẹ̀ padà fún ilé Tairou. Memounatou ló ní kí Razack àti Rakia máa ká kajú náà títí ọjọ́ ayé wọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n má gbin igi mìíràn. Lójú gbogbo wọn ni ó fa òwú sínú abẹ́rẹ́, tí ó sì rán àjákù ẹlẹ́yẹ náà padà sí àyè rẹ̀.

Aṣọ ìbora mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni ó ti rán títí di òní. Wọ́n wà ní Gouka, wọ́n wà ní Koko. Olùkọ́ kan gbé ọ̀kan lọ sí Savalou, ó sì fi í kọ́ ara ògiri pálọ̀ rẹ̀. Sàlámì náà wá láti Bantè ní ọjọ́ Jímọ̀, ó gbé odidi àpò àjákù wá, kò sì sọ̀rọ̀ ewúrẹ́. Ní Satidé, Gafarou ní kí òun bá ìyá òun ru aṣọ náà délé. Ìyá kọ̀. Ó ní ọrùn òun kò tíì rẹ̀.

Ní Tọ́sìdé, ogúnjọ́ oṣù kẹwàá, lẹ́yìn ìrun òwúrọ̀, àwọn àgbà yóò rin ààlà oko Tairou láti ìdí àpáta dé odò, wọn yóò sì máa gbin pèrègún. Razack ni yóò gbẹ́ ihò. Memounatou ni yóò ṣíwájú, pẹ̀lú aṣọ náà ní èjìká rẹ̀, láti fi ibi tí wọn yóò ti yà hàn wọ́n.